Okùn Tó Ń Bínú

Bọ̀ọ̀dá Múfú, àbúrò màámi, ti kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tiwọn. Wọ́n fẹ́ kà á níbi àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá àgbà wa ní Ajah. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé ìrẹ́pọ̀ wà láàárín òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú. Mo kà á tán, mo dá ìwé náà padà fún wọn. Mo ní mi ò rí bàbá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rí.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?" Bọ̀ọ̀dá Múfú ní. "Òkú là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí o. Kọ tìẹ náà, àmọ́ kọ nǹkan tó dáa."

Mo ti gbà láti kọ ọ́. Bóyá ó dáa, èmi ò mọ̀.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí á rí i pé "ó" ni mò ń pe bàbá àgbà, n kò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Màámi kọ́ mi, wọ́n sì kọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ọkùnrin yìí fi pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní onítọ̀hún. "Ẹ sọ fún onítọ̀hún kó kúrò níwájú ìmọ́lẹ̀ mi." "Ta ló se ọbẹ̀ yìí? Onítọ̀hún? Ẹ gbé e padà." Kò pe màámi ní Rábíátù, kò pè wọ́n ní ìwọ, kò kọjú sí wọn bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí màámi sì ń fẹ́ láyé nígbà yẹn kò ju pé kí bàbá wọn wo ojú wọn, kó ní "ìwọ", kó tó kú. Bó ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ. Nítorí náà, "ó" náà tó o.

Okùn àgbọn ló ń lọ́. Kí okùn náílọ́ọ̀nù tó gba gbogbo etí òkun, òun ni àwọn apẹja láti Awoyaya títí dé ìhà ọ̀dọ̀ wa ń wá bá. Èèpo àgbọn ni wọ́n ń rì sínú ọ̀sà fún oṣù púpọ̀, títí á fi rà. Wọ́n á fi kùmọ̀ lù ú, wọ́n á fa fọ́nrán rẹ̀ yọ, wọ́n á sá a, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ́ ọ. Òórùn èèpo tó rà yẹn kì í kúrò lára rẹ̀, bí ó wẹ̀, bí kò wẹ̀. Àwa ọmọ ọmọ máa ń mọ̀ pé ó ti ń bọ̀ kí a tó rí i, a ó sì ti tú ká.

Kì í kí èèyàn. Tí a bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ tí a ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ohun tó máa fi dá wa lóhùn ni, "Mo ti rí i." Ó máa ń jẹun nìkan, ó máa ń kẹ̀yìn sí ilé. Apẹja tó bá wá ra okùn, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá àgbà á kọ́kọ́ gbà mú, á yí i wò bí ẹni tó ń wo ẹja bóyá ó ti bàjẹ́. Bí ọwọ́ náà bá rọ̀, á tì í padà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó lé ọkùnrin kan tó wá láti Igbó Ẹfọ̀n. Ọkùnrin náà ti fẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà ní, "Kò sí okùn níbí fún ẹ. Lọ ra ìgbànú."

Ohun kan wà tí okùn máa ń ṣe, àwọn tó bá ti lọ́ ọ rí á mọ̀ ọ́n. Tí o bá lọ́ ọ jù, tí o wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kì í dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́. Á fò sókè, á ká lé ara rẹ̀, á ṣe kókó kókó. Àwa ń pè é ní kíká. Bàbá àgbà ń pè é ní ìbínú. "Ó ń bínú," á wí bẹ́ẹ̀, á sì na ọwọ́ kí á má súnmọ́ ọn. Ó gbà gbọ́ pé ìbínú yẹn gan-an ni okùn, pé òun ló mú kí fọ́nrán wúruwùru di ara wọn mú débi tí wọ́n á fi fa ọkọ̀ ojú omi. Mo bi í nígbà kan pé ṣé okùn kan kò lè wà tí kò ní bínú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ó wà. Orí ààtàn ni wọ́n ń dà á sí."

Ìjà rẹ̀ pọ̀, n kò lè kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ti mọ́ṣáláṣí ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ bá ti ku ọ̀la, ó máa ń fún wọn ní okùn tuntun tí wọ́n á fi máa fa omi kànga, kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún kan, ẹnì kan tó ti Èkó dé fi okùn náílọ́ọ̀nù ta wọ́n lọ́rẹ. Lẹ́mọ́mù kò ronú, ó gbà á, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bí bàbá àgbà ṣe gbọ́, ó lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun ọ̀sán. Garawa wà nísàlẹ̀ kànga lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó gba okùn tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á, ó fi ọ̀bẹ gé e, garawa sì rì sómi pátápátá. Ó ká èyí tó kù sí èjìká, ó ń lọ sílé. Lẹ́mọ́mù sáré tẹ̀ lé e, ó ní, "Bàbá, báwo la ṣe máa ṣe àlùwàlá?" Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ fi ẹ̀bùn yín ṣe é."

Màámi mọ ìtàn yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ ohun tó rú wọn lójú lọ́dún tí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ṣe.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, màámi ló ń di ẹsẹ̀ okùn kejì mú fún bàbá wọn. Ẹnì kan kò lè dá okùn gígùn lọ́. Ẹni méjì ni, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kálukú á fi igi kékeré há a lẹ́nu, á máa yí i. Títí màámi fi lọ sílé ọkọ, ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ bí ó ṣe ń dun èèyàn. Nígbà tí ìka bàbá wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tí kò lè gbé ife omi dáadáa mọ́, àánú ṣe wọ́n. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n ra odidi òṣùṣù okùn náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé e dé lórí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Èmi ni mo gbé àwo ẹran tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. "Bàámi, ọwọ́ yín ti ń dùn yín. Ẹ máa fún àwọn oníbàárà yín ní èyí. Ẹ sinmi."

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàámi."

Ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Múfú, ó ní, "Sọ fún onítọ̀hún pé mo ti gbọ́. Ó ti sin mí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò da okùn náà nù o. Ó so ó kọ́ ara ògiri ní ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo àlejò lè béèrè ohun tó jẹ́, kó sì máa rí ìdí sọ ọ́. Ọbẹ̀ tí màámi ń sè ránṣẹ́ sí i láti ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lójoojúmọ́ ló ń dá a padà, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sè é. Mo kórìíra rẹ̀ látìgbà náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè yé ẹni tó bá ń kà á: mo kórìíra bàbá àgbà mi.

Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé mi dé láti yunifásítì, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀ tó ju okùn lọ. Ó wá jẹ́ pé okùn náà ni wọ́n kọ́ mi.

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn, obìnrin kan ló ń tọ́ mi sọ́nà, ọ̀gá tí ohùn wọn kì í lọ sókè. DNA ni wọ́n fún mi ṣiṣẹ́ lé lórí. Òun ni okùn tín-ín-rín tó wà nínú ara ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, tó ń gbé àbùdá òbí lọ sára ọmọ. Fọ́nrán méjì ló lọ́ mọ́ra. Nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí kan, ọ̀kan wà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní òpin, òrùka ni. Lílọ́ rẹ̀ kò sì sí ní ìwọ̀n tó tù ú lára, nítorí náà, òrùka náà á ká lé ara rẹ̀, á ṣù pọ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi yà á sójú pátákó, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ó ń bínú ni, mà."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tọ́jú òrùka wọ̀nyí sínú fíríìjì fún oṣù mẹ́ta, kí n máa mú díẹ̀ nínú wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n mọ bí ìrísí wọn ṣe ń yí padà bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ojú lásán kò lè rí wọn. A máa ń se ohun kan tó ń dì bí ẹ̀kọ tútù, a ó dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, a ó kán DNA sí etí rẹ̀ kan, iná mànàmáná á sì máa fà á gba inú ẹ̀kọ náà kọjá. Èyí tó ṣù pọ̀ á sáré ṣíwájú. Òrùka tó ti tú, tó là gbàragada, á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó ti já pátápátá tó di gbọọrọ á wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí a bá wá tan iná kan báyìí sí i, ìlà ìlà ni wọ́n á hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìlà iwájú nìkan ló mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìlà ẹ̀yìn ti yọ. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ti iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ti àárín náà ti dé. Gbogbo ìbínú yẹn ti rọlẹ̀, mi ò sì ṣe nǹkan kan fún un. Mo kàn fi í sílẹ̀ ni.

Mo lọ sílé ní Sátidé, inú mi ń dùn. Mo sọ fún màámi pé mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi, pé okùn tó ń bínú máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá ní sùúrù.

Màámi ń gé ilá. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Oṣù mẹ́ta, mà."

"Hẹn," wọ́n ní, wọ́n sì ń gé ilá wọn lọ.

N kò fẹ́ràn ohùn yẹn. Ìbínú ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Abẹ́ igi àgbọn ló jókòó sí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó ní òun ti rí i. Mo wá sọ fún un pé okùn kan wà ní yunifásítì tó bínú ju tirẹ̀ lọ, tó sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

"Irọ́," ló ní.

Ó mú okùn alápá méjì kan tí kò gùn. Ó lọ́ ọ, ó tún lọ́ ọ, ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó di òrùka. Bó ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí ló ká lé ara rẹ̀, ó ṣù. Ó gbé e sórí iyanrìn láàárín àwa méjèèjì. Ó ní, "Máa wò ó." A wò ó títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

"Ṣó ti rọlẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

Ó yọ ọ̀bẹ. Apá kan ṣoṣo ló gé nínú méjì, ó fi èkejì sílẹ̀. Okùn náà gbọ̀n, ó yí, ó yí, ó sì là sílẹ̀ ní òrùka roboto.

"Ẹyọ kan ni mo gé," ló ní. "Kò já. Èkejì ṣì dì í mú. Àmọ́ ìbínú ẹ̀ ti jáde. Okùn kì í rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ìwọ ọmọ onítọ̀hún. Nǹkan kan ti gé tìẹ. Lọ wá a."

Èmi ló pè ní ìwọ. Ẹnu kan náà ló fi pè mí ní ìwọ tó fi pe màámi ní onítọ̀hún, kò sì sé e lọ́nà ọ̀fun. Mo fẹ́ bu iyanrìn dà sí i lójú. Mo dìde, mo gbọn ìró mi, mo lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi wá. Lọ́dún yẹn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti wọ́n gógó, ọwọ́ lásán ni gbogbo wa fi ń ṣiṣẹ́. "Ọwọ́ ẹ ni," wọ́n ní. Wọ́n ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú òógùn ọwọ́ èèyàn tó máa ń gé DNA jẹ, pé kí ọwọ́ kan etí ìgò lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ó máa ń gé apá kan, òrùka á tú. Tó bá wá gé apá kejì ní ọ̀kánkán ibẹ̀, ó já nìyẹn. Wọ́n ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Mo se omi, mo fi ooru gbígbóná fọ ìgò, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n mú wá láti ilé wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìlà iwájú ṣì wà níbẹ̀ gbagidi. Ìlà ẹ̀yìn hàn fẹ́rẹ́, torí omi àti ooru náà ń ṣe tiwọn díẹ̀díẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí fíríìjì bá gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de ìyẹn nìkan á dúró pẹ́.

Mo gbé àbájáde méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo yege. Bàbá àgbà ló sọ òótọ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni màámi ti ń fi sílẹ̀ kó rọlẹ̀. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń gé nǹkan kan. Ńṣe ni gbogbo wa ń ràn án lọ́wọ́. Ó ní "sọ fún onítọ̀hún," àwa náà á sáré lọ sọ fún wọn. Bọ̀ọ̀dá Múfú ń jẹ́ iṣẹ́ fún un, èmi náà ń jẹ́ ẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bọ̀ọ̀dá Múfú, tó ti gba ẹsẹ̀ okùn kejì lọ́wọ́ màámi, lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Awoyaya. Bàbá àgbà ti rin fọ́nrán sílẹ̀, oòrùn sì ti ń gbẹ ẹ́ lọ. Mo lọ pe màámi. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Mo ní kí wọ́n kàn wá wo bí fọ́nrán náà ṣe máa bàjẹ́. Wọ́n dìde.

Wọn ò kí i. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rìn lọ sí òpin ọ̀hún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú igi ìlọ́kùn, wọ́n sì dúró. Bàbá àgbà wo fọ́nrán, ó wo oòrùn. Ó mú igi tirẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Okùn náà ń le. Màámi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn. Wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, títí tí okùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó fẹ́ já. Mo rí i tí bàbá àgbà gbé orí sókè tó ń wá mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n lọ sọ, mo sì mọ ẹni tó fẹ́ kí n sọ ọ́ fún. Mo kẹ̀yìn sí i, mo rìn lọ sí etí ọ̀sà.

Kò rí ẹni rán.

"Ìwọ," mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. "Dẹ̀ ẹ́."

Mo yíjú padà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dẹ okùn tó ti le báyẹn àfi kó rìn lọ bá ẹni tó wà lódìkejì. Màámi ń rìn bọ̀, igi wà lọ́wọ́ wọn, okùn ń ká lé ara rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó ń ṣe kókó kókó, wọn ò sì dúró títí wọ́n fi dé iwájú rẹ̀.

Ó gba igi lọ́wọ́ wọn. Nírọ̀lẹ́, ó dá ọbẹ̀ wọn padà. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń sọ fún Bọ̀ọ̀dá Múfú pé onítọ̀hún kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé.

Mo ti bá màámi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú wa. Mo ní okùn ni bàbá àgbà ń dáàbò bò, kì í ṣe màámi. Mo ní ì bá pe ewúrẹ́ pàápàá ní ìwọ tó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló di okùn mú. Lánàá, mo ka ìwé yìí sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dá ọbẹ̀ padà. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n yọ ìyẹn kúrò, torí àwọn àlejò.

"Má yọ ọ́," wọ́n ní. "Bàámi dá a padà lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tí o ò kọ. Nígbà tí mò ń rìn bọ̀ yẹn, wọ́n lè fà sẹ́yìn kí okùn má baà ká. Gbogbo alókùn ló mọ̀ ọ́n. Mò ń wo ẹsẹ̀ wọn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò sún sẹ́yìn."